Ẹ Walẹ̀ Jìn: Bí A Ṣe Ń Fi Ìwé Mímọ́ Ṣe Ìpìlẹ̀ Ìgbé Ayé Onígbàgbọ́

Bíríkìlà ni bàbá mi ní Ọ̀mù-Àrán, ẹnu rẹ̀ ni mo sì ti kọ́kọ́ gbọ́ ohunkóhun nípa ìpìlẹ̀. Ó máa ń sọ pé ẹ̀ẹ̀rùn ló ń tan onílé jẹ. Bí ọyẹ́ bá ti mú ilẹ̀ gbẹ, gbogbo ilẹ̀ ló ń le bí òkúta. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní kí wọ́n wà á díẹ̀, kí wọ́n da kankéré sí i, kí búlọ́ọ̀kù bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ilé náà á dúró. Wọ́n á kùn ún ní ọ̀dà, wọ́n á ṣí i, àwọn èèyàn á wá jẹ, wọ́n á mu. Bó bá wá di oṣù keje, tí òjò ti ń rọ̀ láti bí ọ̀sẹ̀ méjì, ògiri á lanu láti igun fèrèsé dé ilẹ̀. Kò sí ohun tí bíríkìlà lè ṣe sí i mọ́ lókè. Ìsàlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Nígbà tí mo ka Lúùkù 6:48, ó dà bí ẹni pé Jésù ti bá bàbá mi ṣiṣẹ́ rí. Ọkùnrin tó kọ́ ilé yẹn, Bíbélì ní ó walẹ̀ jìn, ó sì fi ìpìlẹ̀ sọlẹ̀ lórí àpáta. Mátíù 7 ló wá la ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ọkùnrin méjèèjì tó kọ́lé níbẹ̀ ló dúró fún àwọn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ Jésù. Jésù kò sọ pé ọ̀kan lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, èkejì kò lọ. Ẹni tó gbọ́ tó sì ṣe é ló kọ́lé sórí àpáta. Ẹni tó gbọ́ tí kò ṣe é ló kọ́ ọ sórí iyanrìn. Òjò kan náà ló rọ̀ lé àwọn méjèèjì lórí.

Mo ń kọ́ni ní kíláàsì àwọn àgbà ní Sọ́ńdè sùkúù, ohun tí mo sì ń rí níbẹ̀ ló mú mi kọ èyí. Ẹsẹ Bíbélì kún ẹnu wa. Ṣùgbọ́n bí ìṣòro bá dé, ẹ ó rí i pé kò sí nǹkan lábẹ́ ilé. Àwọn àgbà ní ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Itọ́ ẹnu ni ẹsẹ Bíbélì tí a kàn ń kà jáde láìjẹ́ kó kan ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wa.

Ọ̀rọ̀ kan ṣáájú ìgbésẹ̀ kìíní. Pọ́ọ̀lù sọ nínú 1 Kọ́ríńtì 3:11 pé kò sí ìpìlẹ̀ mìíràn tí ẹnikẹ́ni lè fi lélẹ̀ ju Jésù Kristi lọ. Kì í ṣe pé a ní ìpìlẹ̀ méjì. Ìwé Mímọ́ ló ń mú wa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nínú Jóhánù 5:39-40, Jésù bá àwọn tó mọ Ìwé Mímọ́ dáadáa wí, nítorí wọ́n ń wá inú rẹ̀ kiri, síbẹ̀ wọn kò fẹ́ wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ṣe gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ yìí tí ẹ kò sì bá a pàdé níbẹ̀, iṣẹ́ ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ohun èlò

Ẹ wá Bíbélì tí ẹ lè kà kó yé yín. Èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ ilé wa ni ti àtijọ́, tí wọ́n ti ń kọ «enia» àti «nyin». Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣoogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtumọ̀ náà. Ìwé Róòmù jáde ní 1850, odindi Bíbélì sì parí ní 1884. Ṣùgbọ́n bí èdè rẹ̀ bá ń gbé yín ṣubú, ẹ mú ìtumọ̀ òde òní sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ máa wo méjèèjì. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ ra ìwé àjákọ bíi tọmọ iléèwé, pẹ̀lú bírò kan tí ẹnikẹ́ni kò ní gbé. Ẹ yan àkókò kan, kí ẹ má sì máa yí i kiri. Ní Ìlọrin, ìpè àsùbáà ti ń jí gbogbo wa, mùsùlùmí àti onígbàgbọ́. Èmi mọ ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ ní Ìlọrin tó jẹ́ pé ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n ń tan iná sídìí Bíbélì wọn. Fóònù náà dára, pàápàá nígbà tí iná kò bá sí, àmọ́ ẹ pa dátà rẹ̀ ná. Ẹni tó ń ka Jóhánù tí WhatsApp ń dún lábẹ́ ìka rẹ̀, kò ní pẹ́ fi Jóhánù sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: odindi ìwé ni kí ẹ kà

Bí ọmọ yín tó wà ní Èkó bá kọ lẹ́tà sí yín, ṣé ìlà kẹsàn-án ní ojú ìwé kejì ni ẹ máa kà, kí ẹ ká a, kí ẹ sì ní ẹ ti gbọ́ ohun tó sọ? Bẹ́ẹ̀ bí a ṣe ń ka Bíbélì gan-an nìyẹn. A ṣí i níbi tó bá ṣí sí, a fi ìka lé ẹsẹ kan, a ní ohun tí Olúwa sọ lónìí nìyí. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹsẹ bí ogójì ni mo mọ̀, mi ò sì mọ ìwé kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Máàkù. Orí 16 péré ló ní. Orí kan lójoojúmọ́, ẹ ti parí rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ kẹta tó pé. Máàkù kì í fa ọ̀rọ̀ gùn, ó kàn ń tẹ̀lé Jésù láti ibì kan dé ibòmíràn, ẹni tó bá sì kà á tán á mọ irú ẹni tí Jésù jẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ pa dà sí Jẹ́nẹ́sísì, nítorí láìsí rẹ̀, a kò ní mọ ẹni tí Ábúráhámù jẹ́ nígbà tí Pọ́ọ̀lù bá ń dárúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Lúùkù àti Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì, tí ọwọ́ kan náà kọ. Fílípì àti Jákọ́bù kúrú, ẹ lè ka ìkọ̀ọ̀kan tán ní ìjókòó kan. Ẹ jẹ́ kí Sáàmù kan máa tẹ̀lé gbogbo rẹ̀ lójoojúmọ́, láti ìkíní lọ, ní ẹsẹẹsẹ. Ẹ má fo èyí tí kò bá dùn mọ́ yín. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ kí n tó dákẹ́.

Mi ò gbà yín nímọ̀ràn láti kọ́kọ́ lọ tààrà láti Jẹ́nẹ́sísì dé Ìfihàn. Ọ̀pọ̀ ló ti gbìyànjú rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún, aginjù Léfítíkù ni wọ́n sì kú sí ní oṣù kejì. Ó lójọ́ tí ẹ ó ka Léfítíkù tí á sì dùn, àmọ́ ó dìgbà tí ẹ bá ti mọ ibi tí ẹbọ wọ̀nyẹn ń lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ ìṣirò: orí 260 ló wà nínú Májẹ̀mú Tuntun. Bí ẹ bá ka orí kan láti Mọ́ńdé dé Fúráìdé, ọ̀sẹ̀ 52 lẹ ó fi parí rẹ̀, ìyẹn ọdún kan géérégé. Sátidé wà fún ohun tí ẹ fò. Ojoojúmọ́ yín ò ní pé, mo sọ ọ́ fún yín tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ òkú á wà, ọjọ́ ọjà á wà, àìsàn á wà. Bí ẹ bá fo ọjọ́ mẹ́rin, ẹ má ṣe jókòó ṣọ̀fọ̀ ọjọ́ mẹ́rin náà. Ibi tí ẹ dúró sí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ bi í léèrè

Ìdí ìgbésẹ̀ yìí ni mo fẹ́ jókòó sí, torí ibẹ̀ ni ògiri ti ń sán jù.

Ẹ ka orí náà lẹ́ẹ̀kan láìdúró. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú bírò lọ́wọ́, kí ẹ sì béèrè: Ta ló ń sọ̀rọ̀? Ta ló ń bá sọ̀rọ̀? Kí ló ṣẹlẹ̀ ṣáájú ẹsẹ yìí, kí ló sì tẹ̀lé e? Kí ni ó sọ nípa Ọlọ́run, kó tó sọ nípa mi? Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn la máa ń sáré kọjá, nítorí ohun tó kan wá la ń wá.

Ẹ jẹ́ ká gbé e wò pẹ̀lú Jeremáyà 29:11, ẹsẹ tí kò sí káàdì ìkíni ọdún tuntun tí kì í sí nínú rẹ̀. Ọlọ́run ní òun mọ èrò tí òun ń rò sí wọn, èrò àlàáfíà, kì í ṣe fún ibi. Nígbà tí mo ń wáṣẹ́, mo kọ ọ́ sára ògiri yàrá mi ní Ìlọrin, mo sì gbà pé kí oṣù tó parí ni. Oṣù parí. Ọdún parí. Mo bínú sí Ọlọ́run, mo ní kò mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Ìgbà tí mo tó ka odindi orí náà ni mo rí i pé ẹsẹ kẹwàá, èyí tó ṣáájú gan-an, sọ pé ó di ìgbà tí 70 ọdún bá pé ní Bábílónì. Lẹ́tà ni orí náà, Jeremáyà kọ ọ́ láti Jerúsálẹ́mù sí àwọn tí wọ́n ti kó lẹ́rú lọ ní nǹkan bí ọdún 597 ṣáájú ìbí Kristi. Àwọn wòlíì kan ń sọ fún wọn pé wọ́n á pa dà sílé láìpẹ́. Ẹsẹ kẹjọ àti ìkẹsàn-án ní kí wọ́n má gbọ́ tiwọn. Ẹsẹ karùn-ún ní kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n gbin ọgbà, kí wọ́n sì jẹ èso rẹ̀. Ẹsẹ keje ní kí wọ́n wá àlàáfíà ìlú tí a kó wọn lọ, kí wọ́n gbàdúrà fún un, nítorí nínú àlàáfíà rẹ̀ ni wọn ó ní àlàáfíà.

Ẹ ò rí i bí ẹsẹ 11 ṣe wá tóbi tó? Kò kéré sí i, ó tóbi sí i. Ó ń bá ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ kò ní tètè dé sọ̀rọ̀, ó ní kó gbin nǹkan, kó sì ṣe rere sí ìlú tó wà. Fún èmi tí mo ń gbé ní Ìlọrin, tí mùsùlùmí wà ní ọ̀tún mi àti ní òsì mi, ẹsẹ keje yẹn di iṣẹ́ fún mi ju ẹsẹ 11 lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún àdúgbò mi ní orúkọ-orúkọ, ilé kan tẹ̀ lé òmíràn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Fílípì 4:13, «èmi lè ṣe ohun gbogbo». Inú ìdè ni Pọ́ọ̀lù wà nígbà tó kọ ọ́. Ẹ ka ẹsẹ 12: ó ní òun ti kọ́ bí a ṣe ń yó àti bí a ṣe ń wà nínú ebi. «Ohun gbogbo» tó lè ṣe náà nìyẹn, àti ebi àti àyó, láìfi Kristi sílẹ̀.

Àti Sáàmù 35, tí a máa ń dìde dúró kà sí àwọn ọ̀tá ní òru. Mo bẹ̀ yín, ẹ ka ẹsẹ 13 àti 14 rẹ̀. Dáfídì ní nígbà tí àwọn èèyàn yìí ń ṣàìsàn, aṣọ ọ̀fọ̀ ni òun wọ̀, òun fi ààwẹ̀ rẹ ọkàn òun sílẹ̀, òun ṣe sí wọn bí ẹni pé ọ̀rẹ́ tàbí arákùnrin òun ni. Ta ni nínú wa ti gba ààwẹ̀ rí fún ẹni tó kórìíra rẹ̀? Ẹni tó bá ṣe ẹsẹ 13 ló lè ka ẹsẹ kìíní.

Ọ̀rọ̀ tí kò bá yé yín, ẹ fa ìlà sí i nídìí. Àwọn míì wà tí a rò pé ó yé wa. Ìtumọ̀ Bíbélì Yorùbá gba «àlùfáà», «wòlíì», «àdúrà» àti «ìwàásù» lára àwọn ọ̀rọ̀ tó bá ìsìn Ìsìláàmù wọ èdè wa. Ní Ìlọrin, bí ẹ bá pe àlùfáà, ẹni tó ń kọ́ni ní kéú ni ọkàn èèyàn á kọ́kọ́ lọ sí. Nínú Ẹ́kísódù, ọmọ Áárónì tó ń dúró nídìí pẹpẹ, tó ń rúbọ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ àwọn èèyàn, ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí. Bí a kò bá mọ ìyẹn, ìwé Hébérù kò ní yé wa nígbà tó bá pe Jésù ní olórí àlùfáà. Bí ẹ kò bá rí ẹni bi, àwọn tó ti kẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì nílé-ẹ̀kọ́ ìjọ ECWA ní Ìgbájà tàbí ti ìjọ UMCA ní Ìlọrin kò ṣọ̀wọ́n ní agbègbè wa, inú wọn a sì máa dùn tí èèyàn bá bi wọ́n.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ ṣe ọ̀kan kí oòrùn tó wọ̀

Níbí ni iyanrìn àti àpáta ti pínyà. Kí ẹ tó pa Bíbélì dé, ẹ kọ ìlà kan sínú ìwé àjákọ yín: ohun tí ẹ máa ṣe lónìí nítorí ohun tí ẹ kà. Ẹ má kọ «màá máa nífẹ̀ẹ́ ọmọnìkejì mi», torí kò sẹ́ni tó lè mọ̀ bóyá ẹ ṣe é. Ẹ kọ ọ́ báyìí: «Lálẹ́ òní, màá pe àbúrò mi tí a kò ti jọ sọ̀rọ̀ látìgbà tí a pín ilẹ̀.» Ẹ kọ orúkọ, ẹ kọ àkókò. Ní ọjọ́ kejì, kí ẹ tó ka orí tuntun, ẹ wo ìlà àná. Bí ẹ kò bá tíì ṣe é, ẹ má kà ju ìyẹn lọ, ẹ lọ ṣe é ná.

Ó le. Kò sí ìgbésẹ̀ tí kíláàsì mi fi bá mi jà tó ìyẹn.

Ìyá kan wà lára wa tó ń ta gàárì. A ń ka Òwe, a dé orí 11, ẹsẹ kìíní, pé òṣùwọ̀n èké jẹ́ ìríra lójú Olúwa. Kò sọ nǹkan kan. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó sọ fún wa pé kọ́ngò òun, òun ti lù ú wọnú nísàlẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, gbogbo ọjà ló sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti ra òmíràn. Ó ní àwọn oníbàárà kò tilẹ̀ mọ̀, èrè òun sì ti dín. Ó sunkún nígbà tó ń sọ ọ́. Mi ò ní sọ fún yín pé ọjà rẹ̀ wá ń yá ju ti gbogbo èèyàn lọ lẹ́yìn ìyẹn, nítorí kò sọ bẹ́ẹ̀ fún wa. Ohun tó sọ ni pé òun ti ń lè gbàdúrà tí òun bá jókòó sídìí ọjà òun.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ fi í sọ́kàn

Ẹ kọjá nídìí ilé kéú èyíkéyìí ní Ìlọrin, ẹ ó gbọ́ ohùn àwọn ọmọdé tó mú wàláà dání, tí wọ́n ń tún ìlà kan náà pè títí ó fi mọ́ wọn lára. Ìtẹpẹlẹ wọn máa ń wú mi lórí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ń kọ́ odindi orí sórí, èmi àgbàlagbà ń sọ pé Sáàmù 23 gùn.

Sáàmù 119 fi hàn pé àwọn Júù náà ń tò ó kó lè rọrùn láti rántí. Ẹsẹ 176 ni, ìpín 22, bí iye lẹ́tà ábídí Hébérù, ẹsẹ mẹ́jọ-mẹ́jọ ní ìpín kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà kan náà ló sì bẹ̀rẹ̀ gbogbo ẹsẹ inú ìpín kan. Ẹsẹ 11 rẹ̀ sọ ìdí tí a fi ń ṣe é: «Ọ̀rọ̀ rẹ ni mo pamọ́ ní àyà mi, kí èmi má bàa ṣẹ̀ sí ọ.»

Ẹ mú ìpín kan tó pé, bí Mátíù 5:3-12 tàbí Sáàmù 1 tó jẹ́ ẹsẹ mẹ́fà. Ẹsẹ kan lọ́sẹ̀ kan. Ẹ máa kà á sókè níbi tí ẹ ti ń fọ abọ́, lórí ọ̀kadà, lọ́nà oko.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ fi Ìwé Mímọ́ wọn ohun tí ẹ bá gbọ́

Ìṣe 17:11 yin àwọn ará Bèréà nítorí wọ́n gba ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù tọkàntọkàn, wọ́n sì ń wá inú Ìwé Mímọ́ lójoojúmọ́ bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Àpọ́sítélì ni wọ́n yẹ̀ wò, Bíbélì kò sì pè wọ́n ní aláìgbọràn.

Ní apá ibi tiwa yìí, ìran àti àsọtẹ́lẹ̀ pọ̀. Odò-Ọwá, ní gúúsù Kwara, ni wọ́n bí Joseph Ayo Babalola, ajíhìnrere ìjọ Christ Apostolic Church, sí ní 1904, mo sì gbà pé Ọlọ́run ṣì ń sọ̀rọ̀. Nítorí náà gan-an ló fi yẹ ká ní òṣùwọ̀n. Bí ẹnì kan bá ní Olúwa sọ pé ìyá yín ló di yín lọ́wọ́, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ òfin tó ní ká bọ̀wọ̀ fún bàbá àti ìyá. Bí wọ́n bá ní kí ẹ san owó kí àdúrà tó lè gbà, ẹ ka Ìṣe 8:18-20, kí ẹ wo ohun tí Pétérù sọ fún Símónì.

Ẹ kò ní láti bá àgbà ṣe gbólóhùn asọ̀. Ohun tí mo máa ń sọ, pẹ̀lú ìkúnlẹ̀, ni pé: «Ẹ ṣeun gan-an, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ibo ni kí n kà nínú Bíbélì kí n lè lóye rẹ̀ sí i?» Ìránṣẹ́ Ọlọ́run tòótọ́ á ṣí i fún yín pẹ̀lú ayọ̀. Ẹni tó bá bínú sí ìbéèrè yẹn, ẹ ti rí ìdáhùn.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ mú un wọlé

Deuteronómì 6:7 ní ká máa sọ ọ́ nígbà tí a bá jókòó nínú ilé, tí a bá ń rìn lọ́nà, tí a bá dùbúlẹ̀, tí a bá dìde. Kò dárúkọ ṣọ́ọ̀ṣì níbẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pẹ̀lú àwọn ọmọ, kí ọ̀kan nínú wọn kà, kí ẹ sì gbà kí wọ́n bi yín ní ohun tí ẹ kò mọ̀. Màmá àgbà tí kò lè kàwé, ẹ fi Bíbélì Yorùbá tí a ń gbọ́ létí sórí fóònù fún wọn. Gbígbọ́ ni ìgbàgbọ́ ti ń wá, Róòmù 10:17 ló sọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí òjò bá dé

Á dé. Jésù kò ṣèlérí ẹ̀ẹ̀rùn fún ẹni tó walẹ̀ jìn.

Ọdún tí màmá mi kú, mo ti ń tẹ̀lé ètò Sáàmù kan lójoojúmọ́ yẹn. Lálẹ́ ọjọ́ tí a sin wọ́n, nígbà tí ará ilé ti sùn, mo ṣí Bíbélì nítorí pé ó ti mọ́ mi lára, kì í ṣe pé ó wù mí. Sáàmù 88 ló kàn. Ẹ lọ kà á. Kò sí ọpẹ́ ní ìparí rẹ̀ bíi ti ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù. Òkùnkùn ni ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn. Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé ẹnì kan ti jókòó síbi tí mo jókòó sí ṣáájú mi, ó sunkún sí Ọlọ́run láìṣe bí ẹni tí ara rẹ̀ yá, Ọlọ́run sì jẹ́ kí wọ́n kọ ẹkún rẹ̀ sínú Ìwé Mímọ́. Ká ní bí mo ṣe ń ka Bíbélì tẹ́lẹ̀ ni, mi ò bá ti wá ẹsẹ ìṣẹ́gun kan fi bo ọgbẹ́ náà.

Mi ò kọ nǹkan kan sínú ìwé àjákọ mi lálẹ́ ọjọ́ náà àfi déètì. Ní ọjọ́ kejì, Sáàmù 89 ló kàn. Ẹsẹ kìíní rẹ̀ ní, «Èmi ó máa kọrin àánú Olúwa láéláé.» Ohùn mi kò tíì lè kọrin. Mo kà á ní ohùn jẹ́jẹ́, mo fa ìlà sí i nídìí, mo sì jáde lọ bá àwọn ẹbí tó ń dágbére láti pa dà sí Ìlọrin.